Open RAN àti pípín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí ègé: kí ni wọ́n lè ṣe fún ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n?

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tí ẹ tún ń kà wá lórí fóònù, ẹ gbójú sókè fóònù yín níbi tí àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ẹ lè rí 4G níbẹ̀, ẹ lè rí H, ó sì lè jẹ́ E lásán. Tí ẹ bá wọkọ̀ ní Ọ̀wọ̀ tí ẹ dojú kọ Ìfọ́n, ẹ máa ṣọ́ àmì yẹn bí ilé ṣe ń tán tí igbó ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo gba ọ̀nà náà kẹ́yìn, mo ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Kí a tó dé Elegbeka mo ti ń pariwo "hẹ́lò, hẹ́lò" bí ẹni tó ń pe ewúrẹ́, kò sì sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ni síìmù mi. Ìyá tó jókòó tì mí ní òun kì í tilẹ̀ pe ẹnikẹ́ni láàárín ibẹ̀ yẹn, ó dìgbà tí òun bá dé iwájú.

Lójú ọ̀nà mìíràn, a ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ọ̀nà yìí kọ́. Ọjọ́ 26, oṣù kọkànlá, ọdún 2020, ní Elegbeka ni àwọn agbébọn ti yìnbọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adeusi, nígbà tí kábíyèsí ń ti ìpàdé àwọn lọ́balọ́ba ní Àkúrẹ́ bọ̀. A ò sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fa ìyẹn o, ẹ má ṣì wá gbọ́. Ohun tí à ń sọ ni pé àgbẹ̀ tó wà nínú oko, awakọ̀ tí táyà rẹ̀ bẹ́ nírọ̀lẹ́, àti ọmọ ilé ìwé tó ń lọ sílé ní ìparí ọ̀sẹ̀, fóònù ni nǹkan àkọ́kọ́ tí gbogbo wọn máa nawọ́ sí tí ọkàn wọn bá já.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà tó ti di ohun tí wọ́n ń sọ lemọ́lemọ́ níbi tí àwọn oníṣẹ́ tẹlifóònù bá ti pàdé: Open RAN, àti network slicing, ìyẹn pípín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí ègé ègé. Àwọn kan ń sọ ọ́ bí ẹni pé tí méjèèjì bá ti dé, ìyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìgbèríko tán nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkíní lè dín owó ohun èlò kù, ìkejì lè ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń pe ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n méjèèjì ń dúró de nǹkan kan tí kò sí nínú orúkọ wọn, a ó sì dé ibẹ̀.

Kí ló wà lórí máàsìtì?

Irin gíga tí à ń pè ní máàsìtì kọ́ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ohun tí wọ́n gbé kọ́ ọ lọ́rùn ló ń ṣiṣẹ́. Lókè pátápátá ni antẹ́nà wà, àwọn pátákó funfun gígùn yẹn. Ẹ̀rọ rédíò wà nítòsí rẹ̀, òun ló ń sọ ohùn yín di ìgbì tó ń gba inú afẹ́fẹ́ lọ. Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ rédíò fi ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́, àfi pé tiwa ń sọ̀rọ̀ nìkan ni, tiwọn ń sọ ó sì tún ń gbọ́. Nísàlẹ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan tó máa ń gbóná, ni ẹ̀rọ ìṣirò wà. Òun ló ń pinnu ẹni tó kàn láti sọ̀rọ̀, bí ohùn rẹ̀ ṣe máa le tó, àti ìgbà tí máàsìtì iwájú yóò gbà á bí ọkọ̀ bá ti ń sáré lọ. Láti orí antẹ́nà títí dé inú kọ́bọ́ọ̀dù yìí ni wọ́n ń pè ní RAN.

Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yín á wọ wáyà fáíbà tàbí abọ́ onírin róbótó tó kọjú sí máàsìtì mìíràn, á sì rìn títí dé ọkàn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ìlú ńlá. Ọkàn yìí ló mọ ẹni tí káàdì rẹ̀ kù àti ibi tí ẹni tí ẹ ń pè wà.

Láti ìgbà tí GSM ti dé Nàìjíríà ní 2001, ilé iṣẹ́ kan náà ló sábà máa ń ta gbogbo ohun tó wà lórí máàsìtì kan: Ericsson ti Swídìn, Nokia ti Fínlándì, Huawei tàbí ZTE ti Ṣáínà. Tí rédíò bá jẹ́ ti Huawei, ẹ̀rọ ìṣirò ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Huawei. Tí èyí bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ wọn náà lẹ máa padà sí. Iye tí wọ́n bá sì pè é lẹ máa san.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ṣájà ni

Ẹ̀yin tí ẹ ti lo fóònù pẹ́ ẹ rántí ayé ìgbà kan. Nokia ní ẹnu ṣájà tirẹ̀, èyí tó nípọn kọ́kọ́ dé, èyí tín-ín-rín tẹ̀ lé e. Samsung ní tirẹ̀. Sagem ní tirẹ̀. Tí ẹ bá lọ sí òde lálejò tí ṣájà yín wà nílé, ẹ ó máa béèrè láti yàrá dé yàrá, "ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní Nokia ẹlẹ́nu kékeré?" Lónìí, ṣájà kan lè wọ fóònù bí i mẹ́wàá. Fóònù ò di ọ̀kan náà. Ẹnu ibi tí wọ́n ti ń pàdé ni wọ́n fẹnu kò lé lórí.

Ohun tí Open RAN ń wá nìyẹn: kí ẹnu ibi tí ẹ̀rọ rédíò ti ń pàdé ẹ̀rọ ìṣirò jẹ́ ohun tí gbogbo ayé mọ̀, kí ẹni tó fẹ́ kọ́ máàsìtì lè ra rédíò lọ́wọ́ Lágbájá, kó ra sọ́fítíwíà lọ́wọ́ Tàmẹ̀dù, kó sì gbé sọ́fítíwíà náà sórí kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíràn ṣe.

Wọ́n ti gbìyànjú irú rẹ̀ rí. Ní 2003, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá díẹ̀ jọ fẹnu kò lórí ìlànà kan tí wọ́n pè ní CPRI fún ibi tí rédíò àti ẹ̀rọ ìṣirò ti ń pàdé. Lórí ìwé, ó dára. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú ìlànà náà kí olúkúlùkù fi nǹkan tirẹ̀ sí i, olúkúlùkù sì fi sí i. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, wọn ò sì gbọ́ èdè ara wọn.

Ní oṣù kejì 2018 ni ilé iṣẹ́ tẹlifóònù márùn-ún, AT&T ti Amẹ́ríkà, China Mobile, Deutsche Telekom ti Jámánì, NTT Docomo ti Jàpáànù àti Orange ti Faransé, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní O-RAN Alliance. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn tó ń ra ẹ̀rọ ló dá a sílẹ̀, kì í ṣe àwọn tó ń tà á. Wọ́n pín iṣẹ́ RAN sí mẹ́ta. Rédíò wà lókè. Ẹ̀rọ ìṣirò kan wà nítòsí rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ kíákíá, tí àlàfo àárín rẹ̀ pẹ̀lú rédíò kì í sábà ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ, torí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ kò lè fara da ìdádúró. Ẹ̀rọ ìṣirò kejì lè jìnnà sí wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun nìkan sì lè máa bójú tó ọ̀pọ̀ máàsìtì. Wọ́n tún fi ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n kan kún un, tó ń wo gbogbo wọn láti òkè, tó lè sọ pé kí máàsìtì kan sùn lóru nígbà tí kò sẹ́ni tó ń pè, kó má baà jẹ iná lásán.

Àwọn tó ti dán an wò

Ní Jàpáànù, Rakuten Mobile gbé gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ lé ọ̀nà tuntun yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún aráàlú ní oṣù kẹrin 2020. Ó ṣiṣẹ́. Ó sì tún mú kí ilé iṣẹ́ náà máa pàdánù owó fún ọdún bí mélòó kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Vodafone tan máàsìtì Open RAN àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ìlú Bath ní oṣù kìíní 2022. Òṣèlú wà nínú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì o, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ìjọba wọn ti pàṣẹ ní 2020 pé kí wọ́n yọ ẹ̀rọ Huawei kúrò nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì 5G tó bá fi máa di 2027, ẹni tí wọ́n bá sì gba ọ̀kan nínú mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti wá ibòmíràn rà.

Ní tiwa níbí, ilé iṣẹ́ MTN ló kọ́kọ́ pariwo rẹ̀ sókè. Ní oṣù kọkànlá 2019, níbi àpérò kan ní Amsterdam, wọ́n kéde pé àwọn yóò fi Open RAN kọ́ ibùdó tó ju 5,000 lọ ní àwọn orílẹ̀-èdè 21 tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, pàápàá ní ìgbèríko tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò tíì dé. Wọ́n dárúkọ àwọn tí wọ́n máa bá ṣe é, ọ̀kan nínú wọn ni Parallel Wireless ti Amẹ́ríkà. Ohun tó wú ni lórí nínú ìkéde náà ni pé 2G, 3G àti 4G ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe 5G. Ẹni tó ní fóònù tọ́ọ̀ṣì lóko kò ní jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ní 2022, Parallel Wireless dá èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ní oṣù kejìlá 2023, AT&T, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tó dá O-RAN Alliance sílẹ̀, ní òun fẹ́ ṣe Open RAN jákèjádò Amẹ́ríkà, ó sì gbé iṣẹ́ náà, tí owó rẹ̀ lè tó bílíọ̀nù 14 dọ́là, fún Ericsson. Àwọn tó ń rò pé Open RAN máa lé àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ wọ̀nyẹn lọ wá ń wo ara wọn lójú.

Kí ló fà á? Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti kọ́lé rí. Tí kọngílá kan bá kọ́ ilé yín tí òrùlé ń jò, ẹ mọ ẹni tí ẹ máa pè. Tí bíríkìlà bá yàtọ̀, tí káfíńtà yàtọ̀, tí ẹni tó ra páànù náà yàtọ̀, lọ́jọ́ tí òjò bá wọlé, bíríkìlà á ní káfíńtà ni, káfíńtà á ní páànù ni. Bí Open RAN ṣe rí nìyẹn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dákú. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tó mọ gbogbo rẹ̀ papọ̀, owó irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì kéré. Ìyẹn lè jẹ gbogbo èrè tí wọ́n rí níbi rírà á ní ẹ̀dínwó. Yàtọ̀ síyẹn, kọ̀ǹpútà tó lè ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ sábà máa ń jẹ iná ju ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ.

Iná tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yìí ló gbé wa padà sí Elegbeka.

Ìdí tí máàsìtì kì í fi í wọ igbó

Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbé máàsìtì sí ibì kan máa ń ka orí kọ́kọ́ ni. Ènìyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀, èló ni wọ́n lè máa rà ní káàdì lóṣù? Ọ̀nà bíi ti Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n kò ṣe wọ́n ní àǹfààní nínú ìṣirò yẹn. Àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá pọ̀, tírélà tó ń lọ sí Bìní wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sùn níbẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó kọjá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í ṣe oníbàárà ibẹ̀ lójú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn gan-an ni ìyàwó rẹ̀ nílé ń gbàdúrà sí.

Lẹ́yìn náà ni iná. Máàsìtì tí NẸ́PÀ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ni. Dísù sì ti kọjá 1,000 náírà lítà kan ní 2024. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e lọ síbẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ kí wọ́n má jí i fà. Ọ̀nà tí àwọn ajínigbé wà ni ọ̀nà tí ọkọ̀ dísù náà máa gbà, ẹ má gbàgbé. Bí àwọn tó ń tún máàsìtì ṣe bá ń bẹ̀rù láti lọ síbẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ohun tó bàjẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ máa wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀kẹta ni bí ọ̀rọ̀ ṣe máa kúrò níbẹ̀ dé ọkàn nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Abọ́ onírin yẹn gbọ́dọ̀ rí abọ́ kejì lójú kòrókòró. Òkè ò gbọdọ̀ dí i, igi ìrókò ò gbọdọ̀ dí i. Wáyà fáíbà ló dára jù, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí i ní 2024 pé kí wọ́n ri 90,000 kìlómítà fáíbà kún èyí tó wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, sátẹ́láìtì ló kù.

Ẹ wá wò ó. Open RAN ń sọ̀rọ̀ nípa iye owó rédíò àti ẹ̀rọ ìṣirò nìkan. Kò sọ nǹkan kan nípa dísù, kò mọ ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ máàsìtì, kò sì lè gé igi ìrókò. Nàìjíríà kò lé Huawei àti ZTE lọ bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe, ẹ̀rọ tiwọn kò sì wọ́n bí ti àwọn òyìnbó, nítorí náà èrè tí Open RAN máa mú wá níbí lè máà tó èyí tí wọ́n ń ròyìn ní òkè òkun.

Ohun tó ti gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé ọ̀pọ̀ abúlé ní Áfíríkà rọrùn ju orúkọ ńlá yìí lọ: máàsìtì kékeré tí kò ga, pánẹ́ẹ̀lì sólà àti bátìrì nídìí rẹ̀, abọ́ sátẹ́láìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tán. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Africa Mobile Networks ń ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú MTN ní Nàìjíríà. Òun ló ń kọ́ ọ, òun ló ń tọ́jú rẹ̀, MTN á wá gba orí rẹ̀ ta ìpè. Kì í ṣe gbogbo irú wọn ló jẹ́ Open RAN pátápátá. Ṣùgbọ́n èrò kan náà ni: kí ohun èlò kéré, kí ó má jẹ iná, kí ó má sì jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí Open RAN bá máa wúlò fún Elegbeka, inú irú máàsìtì kékeré bẹ́ẹ̀ ló máa gbà wọlé, kì í ṣe inú 5G ìlú Èkó.

BRT inú afẹ́fẹ́

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìkejì. Ẹni tó bá ti gba Mile 12 lọ sí CMS ní Èkó mọ BRT. Láti 2008 ni wọ́n ti ya apá kan lára títì sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì náà. Títì kan náà ni, ọ̀dà kan náà ni, ṣùgbọ́n nígbà tí danfo bá há sínú gò-sílóò, bọ́ọ̀sì á máa lọ ní tirẹ̀.

Pípín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí ègé ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Máàsìtì kan náà, afẹ́fẹ́ kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà á pín in sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlérí tirẹ̀. Èyí jẹ́ ti fídíò àti íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ayé. Èyí jẹ́ ti ohun tí kò gbọdọ̀ dúró rárá. Èyí tún jẹ́ ti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké bíi mítà iná, tí wọ́n kàn máa ń sọ ọ̀rọ̀ ṣókí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wà nínú ìlànà 5G àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ parí ní 2018. Ìlànà náà tilẹ̀ gbà kí fóònù kan wà lórí ègé mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó fi yàtọ̀ sí BRT ni pé kì í ṣe kọnkéré ni wọ́n fi là á. Wọ́n lè fẹ̀ ẹ́ sí i lówùúrọ̀, kí wọ́n dín in kù lálẹ́.

Ó ti ṣiṣẹ́ lójú ayé. Ní ọjọ́ 6, oṣù karùn-ún 2023, ọjọ́ tí wọ́n dé Ọba Charles Kẹta ládé ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ ìròyìn ITN lo ègé kan tí Vodafone yà sọ́tọ̀ fún un lórí 5G láti fi gbé àwòrán jáde, nígbà tí èrò yamùrá kún òpópónà tí gbogbo wọn ń fi fóònù ya fọ́tò. Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ ìròyìn mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ní Amẹ́ríkà, T-Mobile gbé ègé kan jáde ní 2024 fún àwọn panápaná, ọlọ́pàá àti àwọn onímọ́tò aláìsàn.

Ẹ wá gbé e wá sílé. Ẹ rántí ọjọ́ 5, oṣù kẹfà 2022, ọjọ́ Àìkú tí wọ́n kọlu ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó ní ẹbí nílùú ló máa nawọ́ sí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Láti Èkó, láti Abuja, láti òkè òkun. Lójú máàsìtì lásán, nọ́ọ̀sì tó ń wá ẹni tó máa fún aláìsàn lẹ́jẹ̀ àti ẹni tó ń fi fídíò ránṣẹ́ sí WhatsApp, bákan náà ni wọ́n, orí ìlà kan náà ni wọ́n wà. Tí ègé pàjáwìrì bá wà, nọ́ọ̀sì náà kò ní dúró lórí ìlà yẹn. Dókítà ní FMC Ọ̀wọ̀, Àmọ̀tẹ́kùn tó wà lójú ọ̀nà, ẹni tó ń gba ìpè pàjáwìrì, wọ́n á ní ọ̀nà tiwọn.

Ó dùn ún gbọ́, àbí? Wàhálà ibẹ̀ ni pé 5G tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, pẹ̀lú ọkàn tirẹ̀, ló lè pín ègé báyìí. Èyí tó bá ṣì gun ẹ̀yìn 4G kò lè ṣe é. Oṣù kejìlá 2021 ni MTN àti Mafab jáwé olúborí níbi tí àjọ NCC ti ta afẹ́fẹ́ 5G. MTN bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní oṣù kẹsàn-án 2022, Airtel tẹ̀ lé e ní oṣù kẹfà 2023. Síbẹ̀ ní 2025, nínú 100 láìnì tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, àwọn tó wà lórí 5G kò tó 5, àwọn ìlú ńlá ni púpọ̀ nínú wọn sì wà. A kì í bu ègé lára iṣu tí kò tíì tinú oko délé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí àwọn tó ń polówó 5G kì í sábà sọ. Láti ayé GSM àtijọ́ ni ọ̀nà kan ti wà láti fún àwọn kan láǹfààní ju àwọn yòókù lọ. Inú síìmù ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Síìmù tèmi tìrẹ wà ní kíláàsì 0 sí 9. Kíláàsì 12 wà fún àwọn agbófinró, 14 fún àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì. Nígbà tí èrò bá pọ̀ jù lórí máàsìtì, wọ́n lè sọ fún kíláàsì 0 sí 9 pé kí wọ́n sinmi díẹ̀, kí 12 àti 14 máa pè. Kò tó ègé 5G, kò lè ṣèlérí bí fídíò ṣe máa yá tó, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ lórí 2G tó wà nínú igbó. Tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá ń wá ohun tí wọ́n lè bá àwọn ilé iṣẹ́ fóònù sọ nítorí Àmọ̀tẹ́kùn àti àwọn oníṣègùn, tèmi ni pé ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 5G.

Ìbéèrè kan tún wà tí mi ò fẹ́ kó sọnù: ta ló máa sanwó ègé? Ẹni tó bá ní owó lè ra ègé tó yá, kí ti àwọn yòókù máa fà bí ìgbín. BRT, gbogbo ènìyàn ló lè wọ̀ ọ́. Ègé tí ilé ìfowópamọ́ kan bá rà, tiwọn nìkan ni. Ẹ má gbàgbé pé oṣù kìíní 2025 ni NCC fọwọ́ sí i kí owó ìpè àti dátà fi 50 nínú 100 wọ́n sí i. Ó yẹ kí ẹni tó ń san owó tuntun mọ ibi tí owó náà ń lọ.

Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí

Òfin ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2003 dá àpò owó kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ USPF, lábẹ́ NCC, fún irú ibi tí ilé iṣẹ́ ò rí èrè láti lọ. Owó tí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ń dá fún ìjọba wà lára ohun tó ń wọ inú rẹ̀. Ibi tí àwọn aṣojú wa ní Abuja lè ti tì í nìyí fún àwọn ọ̀nà tí orí ènìyàn kò pọ̀ níbẹ̀, torí iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀ gan-an ni. Ní 2025 bákan náà, NCC gba T2, tí a mọ̀ sí 9mobile tẹ́lẹ̀, láyè láti máa gun orí máàsìtì MTN. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lè mú kí máàsìtì kan nínú igbó sin gbogbo síìmù, dípò kí ilé iṣẹ́ mẹ́ta wá ri irin mẹ́ta síbi tí ọ̀kan kò tíì sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rin ọ̀nà náà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ẹ kọ ibẹ̀ sílẹ̀: orúkọ abúlé tàbí afárá tó sún mọ́ ọn jù, aago, àti àmì tó wà lórí fóònù kó tó pòórá. Tí ẹ bá délé, ẹ pe 300, òun ni nọ́ńbà oníbàárà gbogbo ilé iṣẹ́ fóònù báyìí, kí ẹ sì rí i pé wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Láìsí nọ́ńbà yẹn, bí ẹni tí kò pè ni. Tí wọn ò bá ṣe nǹkan kan, ẹ pe NCC lórí 622, wọ́n á béèrè nọ́ńbà ẹ̀sùn náà lọ́wọ́ yín.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Tí fóònù yín bá kọ "No service", kò sí máàsìtì kankan tó ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tó bá kọ "Emergency calls only", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ tiyín kò sí níbẹ̀ ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn wà. Ìlànà GSM gbà kí 112 gba orí máàsìtì ẹlòmíràn yẹn kọjá, bí kò tilẹ̀ sí kọ́bọ̀ lórí síìmù yín. 112 ni NCC yàn fún pàjáwìrì ní gbogbo Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹ tó kúrò ní gáréèjì Ọ̀wọ̀ ni kí ẹ ti fi í sínú fóònù àwọn ọmọ yín.